Ohùn Tí Kò Gba Inú Wáyà Kọjá

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní Adó a máa ju tówẹ́ẹ̀lì bo ojú kọ̀ǹpútà bí a bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní ojú a máa tan ènìyàn jẹ, pé etí ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Gbé ẹ́ápíìsì ńlá yẹn sétí, ni yóò wí, kí o máa ṣọ́ ohun tó ń wọlé bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná; ohun tó o bá gbọ́ ni ẹ̀rọ ń gbà. Òfin kejì tó fún mi ni pé a kì í jẹ́ kí ẹni tó wá gba ohùn sílẹ̀ dìde lórí ìjókòó kí a tó padà gbọ́ ohun tí a gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo pa òfin àkọ́kọ́ mọ́ tọkàntọkàn. Èkejì ni mo rú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ìyá mi.

Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé irọ́ ni òfin àkọ́kọ́. Ọ̀gá mi kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún mi o. Òun náà kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ rẹ̀ àti ìgbọràn tèmi, àwọn méjèèjì ló pawọ́ pọ̀ já ìyá mi gbà lọ́wọ́ mi.

Arámọkọ ni mo ń gbé. Yàrá méjì ni mo gbà lẹ́bàá títì, mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù lẹ ògiri ọ̀kan, mo pè é ní sítúdíò. Àwọn akọrin ìjọ ń wá láti Èrìò, láti Odò-Ọwá, láti Ìjerò. Ọkùnrin tó ń ta oògùn èkúté, tó fẹ́ kí sípíkà orí ọ̀kadà rẹ̀ máa bá a polówó, èmi náà ló ń wá. Bí wọ́n bá wọlé tí wọ́n rí obìnrin nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí n lọ pe ọ̀gá wá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú. Nígbà tó yá, n óò jáde, n óò yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, n óò tún wọlé, n óò ní ọ̀gá ti dé.

Ẹ̀fọ̀n ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sórí òkè kó tó kú. Bí ará Ọ̀yọ́ bá ń ka ìwé yìí, yóò ní n kò bọ̀wọ̀ fún ìyá mi nítorí pé n kò pè é ní "wọn". Àwa kì í ka ìyá wa kún méjì. Ọ̀kan ni, ọ̀kan náà ló sì tó wa. Àgbẹ̀ ni; kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń gbìn, ó sì ń ta obì díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń lọ sílé ọkọ ní àdúgbò wa, ìyá mi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè pé kó wá kì í. Bí àgbà bá kú, òun náà ni. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbé ọwọ́ kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gun òkè náà dé orí ẹni tó sùn gbalaja síwájú rẹ̀, láìfo ẹnì kan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyẹn.

Èmi ló yẹ kó kàn. Àmọ́ nígbà tó yẹ kí n máa kọ́ ọ, ilé ìwé ni mo wà, tí wọ́n ń na wá bí a bá sọ èdè ilé. Yorùbá orí rédíò ló kù sí mi lẹ́nu. Bí mo bá gbìyànjú, ìyá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á ní mo ń ki bàbá òun bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín. A rò pé àyè ṣì wà.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha, ó ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, ohùn kò là. Kókó kan wá sọ sí i lọ́rùn, kò tóbi ju ẹyin àdàbà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé e lọ sí ọsibítù. Àwa méjì péré ló kù fún ìyá wa. Adó ni òun ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Ọ̀yọ́. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó ní gẹ̀gẹ̀ lásán ni, pé oògùn yóò fà á wálẹ̀, kí n má da ara mi láàmú. Mo gbà á gbọ́. Òun ni dáódù, òun ló ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Èmi ni àbúrò tó ń lẹ fóòmù mọ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n etí mi kò gbà. Iṣẹ́ etí ni mò ń ṣe; mo mọ ohùn tó rẹ̀, mo sì mọ ohùn tó ń lọ. Ti ìyá mi ń lọ. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀fọ̀n, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gba gbogbo oríkì náà sílẹ̀, ti ilé bàbá rẹ̀ àti ti ilé wa, kí ohùn tó tán. Mo rò pé yóò kọ̀. Kò kọ̀. Ó wọ yàrá, ó fa àpótí pákó rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn. Kíjìpá tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun nígbà tó ṣì lágbára ni, èyí tí wọn yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ó ká a, ó fi kánfọ̀ sí i, ó tì í. Àwọn àgbà obìnrin wa máa ń tọ́jú irú rẹ̀. A kì í tú u, a kì í fi wọn ara wò, ọmọdé kì í fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín kò bá lè tú u fúnra rẹ̀ mọ́ ni ẹlòmíràn ń bá a tú u.

"Ubi aṣọ yìí ni kí o fi ohùn mi sí," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mi wọ ulé yìí, ohùn ara mi ni kó kí mi káàbọ̀, torí iwọ ò lè kì mí. Kí ọjọ́ náà tó pé, o ò gbọdọ̀ tú u gbọ́. Ẹni tó bá tú aṣọ òkú wò, òkú ló ń pè."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, pàápàá ibi tó ti ní n kò lè ki òun, nítorí òótọ́ ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́, Yèyé. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo kó ẹrù iṣẹ́ mi gun òkè lọ: kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, máíkì nínú àpò, àti àpótí pupa kékeré kan tí mo fi gèlè wé mọ́ àyà. Àpótí pupa yìí ló wà láàárín máíkì àti kọ̀ǹpútà. Máíkì ń wọ inú rẹ̀, ẹ́ápíìsì ń jáde lára rẹ̀, wáyà kan sì gùn láti ìdí rẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo dé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀. Wọ́n ní àwọn wá wo Màmá ni. Inú mi dùn láti rí wọn. Mo rántí pé inú mi dùn.

Yàrá ìyá mi ni mo lò, torí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ kì í jẹ́ kí ohùn máa ta padà. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Mo gbé ẹ́ápíìsì kọ́ ìyá mi létí, kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀, kó má baà pariwo kọjá agbára rẹ̀. Ó la ẹnu, ó kí ilẹ̀, ó sì dákẹ́ lójijì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìsí ni ó ń sín mi jẹ?"

Kò sẹ́ni tó ń sín in jẹ. Ohùn rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà jíjìn. Láti máíkì, á wọ àpótí pupa, á wọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á gbé e yẹ̀ wò, á tó dá a padà sí etí. Ìrìn àjò yẹn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ó tó kí àgbà gbọ́ pé ẹlòmíràn ń tẹ̀ lé òun lẹ́yìn, ó ń wí ohun tí òun wí. Ní Ẹ̀fọ̀n, ẹni tó bá ń ki òkú tó gbọ́ irú ìyẹn yóò palẹ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gba ẹ́ápíìsì náà kúrò létí rẹ̀, mo gbé e sí tèmi. Mo wá yí bọ́tìnì kan lára àpótí pupa, tí ohùn fi ń gba ọ̀nà kúkúrú, láti máíkì tààrà sí etí, tí kò dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà rárá kó tó padà. Mo ní bó bá tilẹ̀ tún fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Láti ìgbà tí mo ti yí bọ́tìnì yẹn, ohun tí mò ń gbọ́ kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbà mọ́. Ohun tí máíkì ń gbọ́ ni. Kọ̀ǹpútà lè máa sùn, ó lè máa gba ariwo ọjà, létí mi yóò máa dún kedere.

Fáànù kọ̀ǹpútà náà ló tún wá ń hó bí omi ẹ̀kọ. Mo ní kí n gbé e jáde sí pálọ̀, kí n gba wáyà rẹ̀ kọjá lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo yọ wáyà, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sórí àpótí ìjókòó tó wà níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ti gbé e kalẹ̀, ó kọ nǹkan kan sójú ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló ń ka nǹkan wọ̀nyẹn? Mo ti wáyà bọ̀ ọ́, iná àpótí pupa tàn padà, mo tẹ bọ́tìnì pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá kí àwọn jáde síta. Mo ní rárá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sáà má pariwo. Mo ní kọ̀ǹpútà kò ní gbọ́ tiwọn, pé ohun tó bá gba inú wáyà kọjá nìkan ló ń gbọ́. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Mo padà sínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá mi. Ó bẹ̀rẹ̀.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Ohùn náà ha, ó ya létí, ṣùgbọ́n kò sá. Ó sún mọ́ mi ju bó ti sún mọ́ mi rí lọ láyé, tó jẹ́ pé mo ń gbọ́ itọ́ tó ń gbé mì, mo ń gbọ́ eyín rẹ̀ kan tó ń mì. Kí ni mo wá fi etí yẹn ṣe? Mò ń ṣọ́nà ni. Mò ń ṣọ́ àkùkọ aládùúgbò. Mò ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ gààrí ní ìsàlẹ̀ òkè. Bó bá pe ọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ fẹ́ lu máíkì, n óò fi ìka ti máíkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ó dé ibi kan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ó ń sọ nǹkan kan nípa ogun àti ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n sá wọ inú àpáta. Ohun tí mo rántí ni pé inú mi dùn pé kò wúkọ́. Iṣẹ́ olùṣọ́ ni mo ṣe. Bí ènìyàn bá ń ṣọ́ ilé, kì í gbádùn ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní ọjọ́ ń bọ̀ tí n óò jókòó gbọ́ ọ dáadáa.

Lẹ́ẹ̀kan, mo rọra ṣí ilẹ̀kùn, mo yọjú wo kọ̀ǹpútà. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ń fi hàn pé ohùn ń wọlé ń jó, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà.

Nígbà tó parí, ó bèèrè omi. Ọwọ́ mi ti ń lọ sí ibi tí n óò tẹ̀ kí a padà gbọ́ ọ, bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Ìyá mi tẹ̀ lé mi dé pálọ̀, ó ń wo ọwọ́ náà. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo dà á kọ sínú fláàṣì kékeré kan tí a ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, tí kò ju ìka lọ, mo fi lé e lọ́wọ́, ó tì í sáàárín kíjìpá rẹ̀, ó ti àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé ó dára? Mo ní ó dára gan-an. Mo ní mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ohùn náà tán. Ó kọ́kọ́ di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó wá di èémí lásán. Bó bá fẹ́ nǹkan, á pàtẹ́wọ́. Nígbàkúùgbà tí mo bá béèrè, ẹ̀gbọ́n mi á ní gẹ̀gẹ̀ ni, oògùn ń ṣiṣẹ́. Ó ṣe mí lọ́pọ̀ ìgbà ní Arámọkọ bíi pé kí n ṣí ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kí n sáà gbọ́ bó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. N óò gbé ọwọ́ lé e. N óò rántí pé òkú ni mò ń pè, mo sì fẹ́ kó pẹ́ láyé. Obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ni mí, mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bí ẹni gba ìwé ìwòsàn gbọ́. Ó kú ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sí ọjọ́ tí a gba ohùn náà sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo to sípíkà méjì sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyá wa fúnra rẹ̀ ni yóò kí ara rẹ̀ wọlé. Àwọn àgbà obìnrin ti jókòó, wọ́n ń retí. A ṣí àpótí. Mo kó kíjìpá fún àwọn tí yóò wọ̀ ọ́ fún un, mo mú fláàṣì náà, ó ń rùn kánfọ̀. Ọkọ̀ tó lọ gbé e láti mọ́ṣúárì ti wà lójú ọ̀nà. Kí n tó so sípíkà mọ́ kọ̀ǹpútà, mo gbé ẹ́ápíìsì sétí kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ àga tó dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kedere, bíi pé ó jókòó sórí itan mi.

"Ẹ ò tíì sọ fún un síbẹ̀?"

"Sọ fún ta? Bí ó bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni, òní yìí ni yóò ní ká gbé Màmá lọ sí Ìbàdàn." Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

"Dókítà náà ní ká gbé wọn lọ. Ó ní bí a bá tètè ṣe é, àtúnṣe ṣì lè wà."

"Kí wọ́n la ọrùn ìyá mi níbẹ̀ kó má jí mọ́? Mo ti pinnu. Gẹ̀gẹ̀ ni mo sọ, gẹ̀gẹ̀ náà ni kó máa jẹ́. Jẹ́ kí ó máa fi wáyà rẹ̀ ṣeré."

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Mo sún un síwájú, àwọn náà ni. Mo sún un síwájú sí i, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìgbà náà ni ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà bi mí wá yé mi. Ó ní òun kò rí àpótí pupa mọ́, ṣé kí òun máa lo máíkì tó wà lára òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì gbọ́ tèmi. Fún ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi ń ti máíkì sọ́tùn-ún sósì níwájú ẹnu ìyá mi, kò sí ohun tó ń wọ ibì kankan. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ń jó yẹn, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ló ń jó sí.

Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi níwájú mi gan-an, ó wọ aṣọ ìsìnkú, ó ń to àga. Ohùn rẹ̀ wà létí mi, ó ń sọ pé Màmá ti dàgbà. Ó wà lójú mi, ó ń sọ fún ẹnì kan pé kí wọ́n gbé àga wọ abẹ́ ibòòji. Ó bọ́ sọ́dọ̀ mi, ó ní wọ́n ti dé ìsàlẹ̀ òkè, ṣé ó ti ṣe tán.

Wáyà sípíkà wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n tì í bọ̀ ọ́ lọ. Gbogbo Ẹ̀fọ̀n ì bá gbọ́. Mo fẹ́ ẹ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti ń gun òkè bọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ìyá mi ní ohùn ara òun ni kó kí òun káàbọ̀. Bí n kò bá lè ṣe ìyẹn fún un, ó kéré tán, n kò ní jẹ́ kó jẹ́ ohùn yìí.

"Kò gbà á," mo wí. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí àwọn àgbà obìnrin, ó ní kí wọ́n má bínú, pé ohun tí òun ti ń sọ nípa iṣẹ́ tí àbúrò òun yàn láàyò nìyí, iṣẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́. Wọ́n gbé ìyá mi wọlé. Ìyá àgbà kan gbìyànjú láti kì í, ó kà á dé ẹsẹ̀ kejì, ó gbàgbé. Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Mo la ẹnu, mo gbọ́ Yorùbá orí rédíò tó ń bọ̀, mo pa á dé. Àwọn ará ìjọ ló fi orin gbà wá sílẹ̀.

Títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀. Ó ń sọ ọ́ kiri nínú ẹbí pé èmi ni mo pàdánù ohùn Màmá. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ọ. Àwọn tó bá ka ìwé yìí lè bi mí pé kí ló dé tí n kò gbé e kò ó lójú. Mo kórìíra rẹ̀ tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò bi mí, mo sì ti bi ara mi tipẹ́: nígbà tó o gba nǹkan náà, kí ló dé tí o kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà? Bí mo bá gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi ṣì wà ní yàrá kejì, ohùn rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo lè tún un gbà. Mo lè gbé e lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú. Bóyá Ìbàdàn ì bá wò ó sàn, n kò mọ̀; èmi kọ́ ni dókítà. Oṣù márùn-ún gbáko ni òótọ́ fi wà nínú kọ̀ǹpútà mi, tí mo ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láti Arámọkọ sí Ìjerò, tí n kò ṣí i nítorí pé mo jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá sí sítúdíò lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó síbi tí àwọn akọrin ń jókòó sí, ó ń wo fóòmù ara ògiri. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé kò gba nǹkan kan. Mo ní kò gba nǹkan kan. Ó dìde, ó ní kí n máa jẹun dáadáa. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Síbẹ̀ òun ni mo jẹ ní gbèsè ọpẹ́ kan tí n kò ní san láé.

Nítorí pé, nígbà tó kù díẹ̀ kí ìgbohùnsílẹ̀ náà parí, ó dá ọkọ rẹ̀ lẹ́kun. "Ẹ dákẹ́ ná," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn." Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ara mi tì, ìyá mi dé, ó jìnnà, ó rí wínniwínni: "ọmọ olókè tí í fi kùrukùru bora sùn." Ìlà kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ohùn ìyá mi wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò gbọ́. Mo ti gbìyànjú láti yọ ọ́. Mo ní ohun èlò tí a fi ń yọ ariwo kúrò lára ohùn. Òun ni mo fi ń fọ àwọn akọrin Èrìò mọ́ kúrò nínú ariwo jẹnẹrétọ̀. Mo ti lò ó lọ́pọ̀ ọjọ́. Bí mo bá dín ohùn ẹ̀gbọ́n mi kù, ti ìyá mi á dín kù. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ìyá mi á bá a lọ. Ọmọ rẹ̀ ni, ohùn kan náà ló bí sí i lọ́rùn, ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà mo fi í sílẹ̀ bó ti wà. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ìyá mi nísinsìnyí, n óò jókòó, n óò gbé ẹ́ápíìsì sétí, n óò sì gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní í sọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.